Ohun Tí Mo Fi Pẹ́ńsùlù Kọ

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Wọ́n ti gbé e dé. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, tuntun, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ẹnu géètì, tí olúkúlùkù máa fi ìka tẹ̀ kó tó wọlé. Ọ̀gá kó wa jọ láàárọ̀. Ó ní kó tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, gbogbo fáìlì òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wọnú ẹ̀rọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ń po ọṣẹ títí dé orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Fáìlì irinwó ó lé méjìlá. Ó ní ẹni tí kò bá lè bá a lọ, kó tètè sọ. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Ọdún kẹtàlélógún mi rèé nínú ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ yìí. Màmá Fáìlì ni wọ́n ń pè mí. Tí wọ́n bá kó fáìlì lọ, kí ló kù nínú orúkọ náà? Mo bi Bàbá àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo délé. Ó ní Màmá lásán náà kò burú, ó ti pẹ́ tí òun ti ń bá a gbé.

Òjò láti aago méjì. Owó ọkọ̀ tún ti gòkè, awakọ̀ ní òjò ló fà á, bí ẹni pé òjò ló ń ra epo.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni Pẹ̀lẹ́ dé, bó ṣe máa ń dé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dúró lẹ́nu fèrèsé mi, ó ṣí fìlà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ yín ní kí n kí yín."

"Bá mi kí i."

Ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré la tíì fojú kan ara wa, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún méjì tí ìkíni ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta, ọkọ rẹ̀ á gbé e lọ sí ọsibítù kí ẹ̀rọ bá a fọ ẹ̀jẹ̀, káàdì ìtọ́jú ilé-iṣẹ́ wa á sì sanwó. Àbámẹ́ta kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Nítorí ti Ìṣẹ́gun ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá Ọ̀gá àtijọ́ nígbà náà. Ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ, kó máa fi ìrọ̀lẹ́ dí i. Kò sì tíì sí ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun kan tí Pẹ̀lẹ́ kò fi dí i. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n fi ń gbé ọṣẹ tútù ló ń tì, "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" ló sì máa ń wí fún ọṣẹ náà lójú ọ̀nà, bí ẹni pé ó létí. Ibẹ̀ lorúkọ ti wá.

Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́ sẹ́yìn fáìlì rẹ̀. Bí Ọ̀gá àtijọ́ ṣe kọ́ mi nìyẹn: ohun tí a bá fi báírò kọ, ti ilé-iṣẹ́ ni, ohun tí a bá fi pẹ́ńsùlù kọ, tiwa ni, ká lè mọ bí a ó ṣe bá èèyàn gbé. Ẹ̀yìn fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ yòókù náà kún fún un. Kò mọ̀wé kà, ẹ kà á sí i létí, kó má jẹ́ lójú èèyàn. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde, ẹ má jágbe mọ́ ọn lóṣù yìí.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Olùkọ́ tí wọ́n gbé wá kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó mọ iṣẹ́, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lónìí, bí mo ṣe ń wá ibi tí màá tẹ̀, ó mú máòsì kúrò lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é kó lè yá." Àwọn ọmọ ọ́fíìsì ìṣirò rẹ́rìn-ín.

Mo dìde. Mo ní mo fẹ́ lọ ka iye káàdì ìdánimọ̀ tuntun. Káàdì tí mo ti kà lánàá! Mo jókòó sínú yàrá ìkẹ́rùsí láàárín àwọn páálí, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì títí ẹ̀kọ́ fi parí. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ń sá kíláàsì. Ojú tì mí ni, kì í ṣe ìgbéraga. Bóyá ìgbéraga díẹ̀.


Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Fáìlì ogún lónìí. Bàbá àwọn ọmọ bá mi tún gíláàsì mi ṣe, ó fi okùn so ó mọ́ mi lọ́rùn kí n má baà tún jókòó lé e. Mo jọ olùkọ́ àgbà tí gbogbo ọmọ ń sá fún. Ṣùgbọ́n mo ń ríran.


Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó kan fáìlì Pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀rọ béèrè pé ìgbà mélòó ló ti pẹ́. Mo kà á nínú ìwé géètì, ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ni, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè pé ṣé ó ní ìwé àyè láti máa pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò ní ìwé, pẹ́ńsùlù ló ní. Mo wá òkè, mo wá ìsàlẹ̀, mi ò rí ibi tí màá fi ọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù sí. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó yẹ kí n bi Olùkọ́. Ó wà lódìkejì yàrá, òun àti àwọn ọmọ ọ́fíìsì ìṣirò jọ ń rẹ́rìn-ín, mo sì rántí máòsì. Mo ní ó di Ajé. Fáìlì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ṣe lónìí, mo sì fẹ́ kó pé ogójì kí n tó lọlé. Ó pé ogójì.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọ̀ọ́dúnrún ti wọlé. Òjò wọ inú bàtà mi.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo parí! Ọjọ́ méjì ṣì kù. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Màmá, ẹ ya mí lẹ́nu." Mo ra mínírà tútù fún gbogbo ọ́fíìsì, títí kan àwọn ọmọ ìṣirò tó rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà gba tirẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbà á, mo sì rí i pé mo ti ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣọ̀tá lásán.

Mo kọrin délé.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọkọ̀ wá kó àwọn fáìlì àtijọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gé bébà wẹ́wẹ́. Èmi ni mo buwọ́ lùwé. Mo fọwọ́ pa wọ́n lórí, bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ pa ọmọ lórí ní ibùdókọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún gba inú ọkọ̀ kan, àyè tún ṣẹ́ kù.


Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Ọ̀gá ní àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ní kí á dín èèyàn kù, ẹni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ ṣa àwọn tó ń pẹ́ jù láìní ìwé àyè, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣojúsàájú. Mo tiẹ̀ gbà pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Kí n tó gbé itọ́ mì, orúkọ ti jáde.

Pẹ̀lẹ́ ló ṣe ìkẹrin.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Mo wọlé tọ Ọ̀gá lọ kó tó mu tíì. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi dópin, ìyẹn ló tún dùn mí jù.

"Màmá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ni ìwé. Kí ni màá fi han àwọn tó ni ilé-iṣẹ́?"

"Ó wà lẹ́yìn fáìlì rẹ̀, sà. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹ lọ mú fáìlì náà wá."

Ẹnu ọ̀nà ni mo dé kí n tó rántí. Àbámẹ́ta. Ọkọ̀. Ìbuwọ́lùwé mi. Mo padà jókòó, mi ò sì mọ ìgbà tí Ọ̀gá fi ife tíì tirẹ̀ síwájú mi.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, Pẹ̀lẹ́ ṣí fìlà lẹ́nu fèrèsé. Ọ̀rẹ́ mi ní kó kí mi. Mo ní kó bá mi kí i.


Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Èmi ni mo pín lẹ́tà náà. Iṣẹ́ mi ni. Ẹni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí àga kan náà. Mo fi Pẹ̀lẹ́ ṣe ìgbẹ̀yìn, bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ní, "Màmá, ṣé kò sí àṣìṣe níbẹ̀?"

"Àṣìṣe wà níbẹ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Kò bínú. Ìbá bínú ni. Ó ń wo ìwé náà lọ, ó wá ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa pẹ́." Bí ẹni tó ń rán mi létí ọjọ́ ló ṣe sọ ọ́. Ó bi mí pé káàdì ńkọ́. Mo ní òní ló parí.

"Ọ̀la ni Àbámẹ́ta," ló sọ.

Ó ṣẹ́ lẹ́tà náà po sí mẹ́rin, ó fi í sínú fìlà, ó dé e, ó jáde. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sunkún títí ojú mi fi wú, mo tún fi omi nù ún nítorí ìpàdé aago mẹ́ta.


Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Olùkọ́ wá kó ẹrù rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lọ́dọ̀ wa. Ó bá mi níbi tí mo ti ń wo ojú ìwé Pẹ̀lẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó wá ní, "Àlàyé rẹ̀ ńkọ́, Màmá? Ibo lẹ kọ ọ́ sí?"

"Àlàyé wo?"

Ó fi ìka hàn mí. Ní igun ojú ìwé náà, àmì kékeré kan wà, ó rí bí etí ìwé tí wọ́n ṣẹ́ po. Ó tẹ̀ ẹ́. Àyè funfun ńlá kan ṣí sílẹ̀, ó tó kọ odindi lẹ́tà sí. Ó ní ẹni tí àlàyé bá wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ kì í dá ẹjọ́ rẹ̀, ńṣe ló máa ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ pé kí èèyàn wá wò ó.

"Mo kọ́ gbogbo wọn ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́," ló sọ. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ lọ ka káàdì."

Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń sọ nínú ọkàn mi pé ẹ̀rọ kò láàánú. Ẹ̀rọ ti fi àyè sílẹ̀ fún àánú. Èmi ni mi ò jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Àfọwọ́fà ni, kò sẹ́lòmíì tí mo lè nàka sí.

Olùkọ́ ní, "Ó yẹ kí n wá yín wá lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé mo ṣe àṣejù pẹ̀lú máòsì yẹn. Ẹ má bínú, Màmá." Ó gbé àga tì mí, kò bá ọkọ̀ tó yẹ kó bá lọ lọ mọ́.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Kò sẹ́ni tó dúró ní fèrèsé mi.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Mo wọ ọkọ̀ méjì dé ilé Ọ̀gá àtijọ́. Ó ti gbẹ, ọwọ́ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó bi mí léèrè Pẹ̀lẹ́ kí n tó dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo rò ó fún un tán, ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ ní pẹ́ńsùlù."

"Ẹ̀yin kọ́, sà. Èmi ni mo buwọ́ lùwé."

"Rárá. Mi ò fẹ́ kí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń dùn mí. Ohun tó fà á nìyẹn. Mú báírò fún mi."

Ó kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, ó gbà á ju wákàtí kan lọ. Ìlà kan ń gun orí ìlà kejì. Ó kọ ọjọ́ tí ó fún Pẹ̀lẹ́ láyè, ó kọ pé ìrọ̀lẹ́ ló fi ń dí i, ó buwọ́ lù ú. Mo gbé e sínú àpò mọ́ àyà mi délé, nítorí òjò.


Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fún Ọ̀gá ní lẹ́tà. Ó kà á lórí ìdúró. Ó ní ó tó, ó ní òun alára máa jà á. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ló lè yí orúkọ padà, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n sì máa jókòó. Mo ní aláìsàn ń dúró. Ó ní òun mọ̀.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo gba àyè, mo fi báírò kọ ọ́, mo lọ sí ọsibítù. Ìgbà mẹ́ta ni wọn kò bá ìyàwó Pẹ̀lẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀ látìgbà tí káàdì ti kú. Èmi àti Pẹ̀lẹ́ da owó ọwọ́ wa pọ̀, ó tó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ náà ti wú, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi.

"Ṣé Màmá Pẹ́ńsùlù nìyí? Ọkọ mi ní ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ mí. Ẹ ṣé tí kì í ṣe báírò. Ti báírò kì í ṣeé pa rẹ́."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo sọ pé èmi ni mo fà á. Ó ní òun ti gbọ́, ọkọ òun ti rò fún òun, kí n jókòó, kí n má fi ìdúró bá òun sọ̀rọ̀ bíi dókítà.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n kó tó fẹ́ mi," ó ní. "Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́. Àní ó máa ń dúró de ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di apẹ́lẹ́yìn. Tí mo bá kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ máa rí i."

Pẹ̀lẹ́ ní kó dákẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ẹ̀rọ yìí ń pariwo, mo ń bá a díje ni." A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.


Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Bàbá àwọn ọmọ gbé àwo kúrò níwájú mi. Nígbà tó yá ó ní, "Ìwọ kọ́ lo ba kíndìnrín jẹ́." Mo mọ̀. Káàdì ni mo bà jẹ́.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Olùkọ́ padà wá fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Àwa méjèèjì jọ ń gba inú fáìlì kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń rántí, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀wé kà. Ìyá rẹ̀ kò mọ ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó máa ń pẹ́ lọ́jọ́ òjò nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Àádọ́jọ ni mo rántí. Àwọn yòókù ti lọ pẹ̀lú ọkọ̀ yẹn. Ó fún mi ní máòsì nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ló kù, Màmá," ó sì jókòó síbẹ̀ ń wò mí, kò bá mi fọwọ́ kan ohunkóhun.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n gbà! Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni Ọ̀gá pè mí. Pẹ̀lẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, káàdì máa ṣiṣẹ́ láti ọ̀la, ẹ̀rọ kò sì ní dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé èmi fọwọ́ sí i pé mo ti ka àlàyé rẹ̀. Mo pe fóònù Pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Mo ní á wà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń pariwo.


Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Àná ni ọ̀rẹ́ mi lọ, láago mẹ́ta ọ̀sán. Ìgbìmọ̀ ṣì wà lórí ìjókòó.

Dókítà sọ fún Pẹ̀lẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, kódà ká ní kò pàdánù ìfọ̀jẹ̀ kankan. Pẹ̀lẹ́ ló pè mí láti sọ ìyẹn fún mi. Òun tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń wá bí ọkàn mi ṣe máa balẹ̀. "Ó ṣeé ṣe" ni dókítà sọ. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

A sin ín lánàá. Òjò kò rọ̀. Mo dúró lẹ́yìn pátápátá, Pẹ̀lẹ́ sì wá mi wá síbẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́ síwájú.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ

Mo tètè dé lónìí, mo sì ṣí kọ̀ǹpútà. Orúkọ ẹyọ kan ló wà lójú rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ fi ìka tẹ ẹ̀rọ ẹnu géètì. Pẹ̀lẹ́. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ̀rọ ti fi àwọ̀ ewé sí i lára: ó dé lásìkò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ láti ọdún méjì.

Ó wá síbi fèrèsé. Ó ti gé irun, ó ti rù. Ó ṣí fìlà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́."

Ó dúró. Mo mọ ohun tó kù nínú gbólóhùn náà, òun náà mọ̀ ọ́n, àwa méjèèjì sì ń wo ibi tó ti yẹ kó wà. Ẹnu mi kò dúró dè mí.

"Bá mi kí i," ni mo wí.

Ẹyin lohùn. Mo fọwọ́ bo ẹnu, ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n Pẹ̀lẹ́ mi orí, bó ṣe máa ń mi orí ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Màá kí i, Màmá."

Ó dé fìlà padà, ó lọ síbi kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀. Mo tẹ́tí títí fún "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà nìkan ni mo ń gbọ́.